Ife Omi Mẹ́ta Nínú Fíríìjì Kan

Iná ni mo kọ́kọ́ rí, kì í ṣe yìnyín. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Àgbówà. Wọ́n rán mi ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan pé kí n gbé ẹyin lọ fún ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé wa. Bí mo ṣe gbé agbọ̀n kalẹ̀ nílé ìdáná wọn, mo rí àpótí funfun gíga kan ní igun ilé. Àtùpà kékeré kan ń jó lábẹ́ rẹ̀. Iná rẹ̀ dúdú bí aró, kò sì ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ìyàwó ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà, ó bu omi fún mi. Omi náà tutù débi pé eyín iwájú mi méjèèjì ń ta mí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni iná yẹn ń ṣe lábẹ́ ẹ̀?"

"Òun ló ń mú omi tutù."

"Iná, mà?"

"Iná ni. Kẹrosíìnì là ń bù sí i. Gba agbọ̀n ẹ, máa lọ, ìyá ẹ á ti máa wá ẹ."

Mo délé, mo bu omi sínú ife tánganran, mo gbé e lé orí ààrò, mo jókòó tì í. Omi hó. Mo tún bu òmíràn, mo fa igi ìdáná sẹ́yìn kí iná lè kéré bíi ti ọ̀hún. Ìyẹn náà hó. Ìyá mi wọlé, ó béèrè ohun tí mò ń sè.

Mo ní, "Omi tútù ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. Títí tó fi kú ni ó ń sọ ọ́ fún àlejò: "Èyí tó ń fi iná se omi tútù nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, bí mo ṣe rí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. N kò wá a nítorí owó. Owó tó wà níbẹ̀, mo fi tọ́ ọmọ, mo fi kọ́ ilé kan sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí iná ṣe ń bí yìnyín. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ fíríìjì, ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó sì ṣòro jù tí mo tíì ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ṣe é, lórí ìgò kékeré kan tí kò ga ju ìka mi lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Sànúsí lọ́wọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, àmọ́ Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Títí di òní mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é tí òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, mọ́tò ẹ̀yìn fíríìjì, kì í fi í ta sí i. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan géèjì tí à ń fi wọn agbára gáàsì. Páìpù kọ́pà ni mò ń gé, mò ń fẹ ẹnu rẹ̀. Bí mo bá parí ọ̀kan, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wo ẹnu rẹ̀ yípo, á jù ú sínú garawa. Nígbà tí garawa náà kún, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lọ́jọ́ tí mo béèrè ọ̀rọ̀ iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, oúnjẹ ló ń jẹ. Ó ní, "Òtútù kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń dà sínú fíríìjì. Ooru là ń kó jáde. Ohunkóhun tó bá ti lè lé gáàsì káàkiri inú páìpù á kó ooru jáde, ì báà jẹ́ iná kẹrosíìnì, ì báà jẹ́ mọ́tò. Ohun tó bá kù lẹ́yìn tí a bá ti kó ooru jáde ni ìwọ ń pè ní òtútù." Ó gbé ṣíbí rẹ̀. Ọdún márùn-ún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn ni mo fi ń kọ́ṣẹ́.

Òfin rẹ̀ tó le jù ni ti ife omi mẹ́ta. Fíríìjì tí a bá tún ṣe kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó bá yá. A ó gbé ife omi mẹ́ta sínú rẹ̀: ọ̀kan sí pẹpẹ òkè, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. A ó ki tẹmómítà bọ inú ife kọ̀ọ̀kan, a ó pa ilẹ̀kùn dé, ó di ọjọ́ kejì kí á tó kà á. Ìdí rẹ̀ ni pé inú fíríìjì kan ṣoṣo, òkè lè ti fẹ́ dì kí ìsàlẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ ọ́, tí mo ní, "Ó ti tutù, ọ̀gá," á dá mi lóhùn pé, "Ó tutù bíi ti kí ni? Bíi ti omi kànga ni àbí bíi ti orí àna ẹ? Má sọ fún mi pé ó tutù. Sọ bó ṣe tutù tó."

Àwọn oníbàárà kì í gbà fún un. Ọkùnrin kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ìgbà kẹta, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo pé, "Sànúsí! Ṣé ilé kéwú lo fi fíríìjì mi sí ni?"

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ó ku súrà kan kó ṣe wòlímọ̀. Padà wá lọ́la."

Mo ṣe àṣìṣe kan lọ́dún kẹta. Ó rán mi pé kí n lọ ka tẹmómítà mẹ́ta nínú fíríìjì kan, ó sì ń ṣe mí bíi kí n má dìde. Mo jókòó sí àyè mi, mo kọ nọ́ńbà sínú ìwé: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ. Nọ́ńbà gidi tí fíríìjì tó dáa máa ń sọ. Ó gba ìwé, ó kà á, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ tẹmómítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Ó ní, "Kí lo wá kà?"

Oṣù kan gbáko, kò bá mi sọ ju "gbé" àti "gbà" lọ. Ká ní ó nà mí ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Lẹ́yìn tí mo gba òmìnira, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló jẹ mí lógún. Àwọn tó ń kó ẹja ibẹ̀ ló ni iṣẹ́ mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń lọ mo ń bọ̀, Ìkòròdú sí Àgbówà, Àgbówà sí Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ìgò gáàsì àti àpótí irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ mi. Gáàsì 12 la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní ó ń ba òfuurufú jẹ́, 134 dé. Lónìí gáàsì 600 ni, èyí tó jẹ́ pé bí o bá ṣáná sí i, á gbiná. Géèjì alábẹ́rẹ́ di èyí tó ń kọ nọ́ńbà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ọkùnrin méjì ń gbé di èyí tí mo lè gbé sábẹ́ abíyá. Ìró rẹ̀ ló wù mí jù nínú ohun tó lọ. Èyí àtijọ́ máa ń kùn bí ẹni tó ń ronú, bí ó bá sì fẹ́ dá dúró á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, gìrì, ìgò inú rẹ̀ á dún. Àwọn tòní kì í sọ nǹkan kan. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn wọn kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹja tún kọ́ mi ní nǹkan tí kò dáa. Ẹlẹ́ja kì í béèrè dígíríì. Bó o bá tún fírísà rẹ̀ ṣe, á mú ẹja kan jáde, á fi gbá ilẹ̀. Bó bá dún bí òkúta, o mọ iṣẹ́. Bí kò bá dún, oníjìbìtì ni ẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹmositáàtì, ohun tí à ń fi yan bí òtútù ṣe máa pọ̀ tó, dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú gbogbo fíríìjì. Tẹmómítà mi àkọ́kọ́ fọ́, mi ò ra òmíràn. Ọ̀gá Sànúsí ti kú nígbà yẹn. Ife omi mẹ́ta di ìtàn tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ fún ẹ̀rín. Ọwọ́ mi ni mo fi ń wọn òtútù, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé bíi ti kí ni.

Mo fẹ̀yìn tì nígbà tí eékún mi ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti kú ṣáájú ìgbà náà, ilé dákẹ́. Ọmọbìnrin mi Sìkírátù, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́, wá mú ọmọ rẹ̀ Ráfíátù wá bá mi gbé kó lè wọ ilé ìwé girama ní Ìkòròdú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ráfíátù nígbà náà. Mi ò tíì ní oríire tó tó ìyẹn láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira. Sálúbàtà rẹ̀ máa ń na ilẹ̀ pá-pá-pá láti ẹnu géètì. Kó tó wọlé á ti máa bi mí ní ìbéèrè. Kí ló dé tí ẹ̀yìn fíríìjì fi ń gbóná? Níbo ni ooru yẹn ti wá? Mo sọ ọ̀rọ̀ ooru tí à ń kó jáde fún un, ó ronú sí i, ó ní, "Bàbá, a jẹ́ pé fíríìjì tiẹ̀ ń mú yàrá gbóná." Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi lo ọdún méjì kí wọ́n tó rí ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún méjìlá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ lọ́fun. Á mu jọ́ọ̀gì omi kan láàárọ̀, á tún béèrè. Ilé ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Mo ní ooru ni, mo ní ó ń dàgbà ni. Ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà, ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Mo bá dókítà jiyàn, mo ní àìsàn àgbà nìyẹn. Dókítà ní irú kejì ni mò ń sọ. Nínú tèyí, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ba ibi tó ń ṣe ínsúlíìnì jẹ́. Kì í ṣe pé ó jẹ ṣúgà jù, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ínsúlíìnì ló ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó wọnú ara. Nígbà tí ara Ráfíátù ò ṣe é mọ́, a ní láti máa fún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, títí ayé rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò kan tó ń sọ bí ṣúgà ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í tó mẹ́fà. Ti Ráfíátù jẹ́ méjìlá póíńtì mẹ́jọ. Mo kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn páálí oògùn. Nínú ọkàn mi mo ní, tẹmositáàtì ara ọmọ yìí ló bàjẹ́, àwa ló máa máa fọwọ́ yí i. Ìyẹn yé mi ju ohunkóhun tí dókítà sọ lọ, ìgboyà sì dé sí mi, ó dé jù.

Nọ́ọ̀sì kan tó ní sùúrù kọ́ wa bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ kékeré wọn ẹ̀jẹ̀. Ó wá ní, "Inú fíríìjì ni kí ẹ fi ìgò ínsúlíìnì sí o, Bàbá. Kì í ṣe inú fírísà. Ibi tí ẹ bá sì fi í sí nínú fíríìjì náà..."

Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ fíríìjì. Ẹ sọ òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ òmíràn. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti rántí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ṣí sílẹ̀ tó tún padé yẹn.

Fíríìjì ilé mi jẹ́ ti àtijọ́, onílẹ̀kùn kan, àwo yìnyín wà lókè nínú rẹ̀. Tẹmositáàtì rẹ̀ wà ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ẹlẹ́ja. Mo gbé ìgò Ráfíátù sí pẹpẹ òkè, mo tì í dé ẹ̀yìn, tó fi kan abẹ́ àwo yìnyín. Mo rò pé ibi tó tutù jù ni ibi tó dáa jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Ráfíátù mú ìgò náà jáde. "Bàbá, ó dì o."

"Ó dì báwo?"

"Yìnyín wà nínú ẹ̀. Ẹ wò ó."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i. "Kò burú. Á yọ́. Ẹja tó bá dì, ṣé kì í yọ́ ni?"

Ó yọ́. Ó fà á sínú sírínjì, ó fi gún ara rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi ni mo mọ̀ nípa òtútù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kà á sí 289. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 364. A gún un bí wọ́n ṣe ní kí á gún un, kò lọlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rọ ò kọ nọ́ńbà mọ́, ó kọ lẹ́tà méjì tó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá ohun tí òun lè kà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Ó ń parọ́."

Ráfíátù dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣe mí báyìí."

Ó bì. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó tó ti pọ́n kọjá. Mo gbé e, eékún ì báà máa ro mí, mo gbé e dé títì, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ní ilé ìwòsàn wọ́n fi omi sí i lára apá méjèèjì. Ọjọ́ kẹta kó tó lè jókòó.

Nọ́ọ̀sì onísùúrù náà ní kí n mú ìgò tí à ń lò wá. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Ọ̀gá Sànúsí ṣe máa ń gbé páìpù. Èérún funfun wẹ́wẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀, nítorí mi ò wò ó.

"Ṣé ó dì nígbà kan, Bàbá?"

"Ó dì."

"Bí ínsúlíìnì bá ti dì, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá yọ́, ó ti di omi lásán."

Sìkírátù wà lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó kó aṣọ Ráfíátù, ìwé rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ó ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ọmọ mi ò lè gbé níbi tí ẹ ti mọ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ."

Mo ran wọn lọ́wọ́ gbé báàgì.

Ẹni tí ilé bá dákẹ́ mọ́ lórí, tó bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ló máa padà sí. Mo gbé ife mẹ́ta jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo bu omi sí wọn. Mo ra tẹmómítà mẹ́ta. Òkè: òdo dín méjì, omi ti di yìnyín. Àárín: márùn-ún. Ìsàlẹ̀: mẹ́sàn-án. Mo jókòó síwájú fíríìjì tí mo ti ń ṣí fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ń kà á bí àlejò. Ká ní mo gbé ife mẹ́ta yẹn síbẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí ìgò tó wọ ilé mi, Ráfíátù ì bá ṣì máa na sálúbàtà mọ́ ilẹ̀ ní géètì. Mo yí tẹmositáàtì padà sí mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, nínú fíríìjì tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan pamọ́ sí.

Ráfíátù ń pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń jìnnà sí mi ju Ẹ̀pẹ́ lọ. Ó ní iná kì í dúró lọ́dọ̀ wọn, pé ìyá òun ń fi kúlà oníyìnyín tọ́jú ìgò tí òun ń lò. Ìgò tó dì lọ́jọ́sí ni mo rántí nígbà tó sọ̀rọ̀ yìnyín. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, mo dúró títí nọ́ọ̀sì fi ráyè.

"Nọ́ọ̀sì, mo wá béèrè ọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ fẹ́ béèrè?" Ó fa àga fún mi. "Ẹ jókòó. Mo fẹ́ gbádùn ẹ̀."

Ó ní ìgò tí a ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín dígíríì méjì sí mẹ́jọ. Ti èyí tí à ń lò lọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò lára ìwé inú páálí rẹ̀: ó lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ooru ò bá ti ju ọgbọ̀n lọ. Kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kò gbọdọ̀ dì láé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kà á padà fún un, ó tún un ṣe níbì kan.

Ọgbọ̀n. Bí mo ṣe ń padà lọ sílé, àmù ìyá mi ní Àgbówà ló wá sí mi lọ́kàn. Orí yanrìn tútù lẹ́bàá fèrèsé ló máa ń wà. Ara rẹ̀ máa ń làágùn, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù ju ilé lọ. Gbogbo ìgbà tí mo ń wá òtútù nínú iná, ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀. Omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ń kó ooru lọ. Iṣẹ́ tí gáàsì ń ṣe nínú páìpù náà ni, láìsí páìpù.

Mo ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. Mo gbé kékeré sínú ńlá, mo da yanrìn odò sí àárín wọn, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, mo bu omi sí yanrìn títí ó fi mu yó. Aṣọ tútù ló di ìdérí. Mo gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòji. Ogójì ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, mo kà á. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ìta jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, inú ìkòkò jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tutù bí aṣọ tí a ò fún, tí ìta jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo kọ èyí tí kò dáa pẹ̀lú èyí tó dáa. Kò kọjá ọgbọ̀n rí. Kò sì lè dì bí a tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì yẹ ìwé náà wò láti òkè délẹ̀ kó tó ní kí n máa gbé ìkòkò náà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo gbé ìkòkò náà sáàárín ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú. Ní Àgbówà, obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, ṣé ẹja wà nínú ẹ̀ ni?" Mo ní, "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rọra ń gbé e."

Ráfíátù ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti ga. Ẹ̀gbà rẹ̀ ti padà dúró lọ́rùn ọwọ́. Ó wo ìkòkò, ó wò mí. "Bàbá, ẹ gbé àmù wá. Ṣé ẹ̀yin náà ti fi fíríìjì sílẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbà mí lálejò bó ti yẹ, ó kúnlẹ̀, ó fún mi lómi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì sọ?"

Mo fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ó kà á bí olùkọ́ ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Ó dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti fi bírò pupa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ìka rẹ̀ dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n tún un ṣe fún yín."

"Wọ́n tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe."

A gbé ife omi mẹ́ta sínú fíríìjì rẹ̀, mo sì sùn síbẹ̀ kí n lè kà á lọ́jọ́ kejì. Ráfíátù ló kà á, mi ò fọwọ́ kàn án. Pẹpẹ àárín ló dára. Ó lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, níbẹ̀ ni àwọn ìgò tí a ò tíì ṣí ń gbé. Èyí tó ń lò wọ inú ìkòkò, nínú ike tó dé dáadáa.

Nígbà tí mo ń múra àtilọ, mo bi Sìkírátù bóyá Ráfíátù lè wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, mi ò lè wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò oṣù mẹ́ta, Bàbá. Bó bá bọ́ sábẹ́ mẹ́jọ, á wá."

Ní oṣù mẹ́ta, ó jẹ́ mẹ́sàn-án póíńtì kan. Ó ti kúrò ní méjìlá, inú gbogbo wa dùn, ọlidé yẹn sì kọjá. Mo gbá yàrá rẹ̀, mo pa á dé.

Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, Ráfíátù á pè. Nọ́ńbà méjì ló máa ń sọ: ti ìkòkò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. 131." "Márùndínlọ́gbọ̀n. 208, mo mọ ohun tó fà á, ẹ má bi mí." Nígbà kan mo ní, "Ṣé o kà á, àbí o rò ó?" Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni Ọ̀gá Sànúsí yọ tẹmómítà lápò fún." Mo ti sọ ìtàn yẹn fún un, ó sì tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò mọ iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ wá ọ̀gá tó máa bi yín pé bíi ti kí ni. Bí ó bá kú, ẹ máa bi ara yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba èsì ìdánwò oṣù mẹ́ta tuntun, mo gbé fóònù sórí fíríìjì láti àárọ̀. Ó dún lẹ́yìn ìrun Àsárì.

"Bàbá, ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀."

"Mi ò fojú díwọ̀n nǹkan mọ́. Kà á fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ráfíátù."

Ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. "Bàbá, ẹ ṣí fèrèsé yàrá ẹ̀ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́. Ìkòkò yẹn náà ń bọ̀ o, ó ní òun ò ní fi sílẹ̀." Ó dá fóònù padà fún ọmọ. Mo ti mú bírò, mo ti ṣí ìwé sí ojú ewé tuntun.

"Ẹ ń gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó pè yín. Méje póíńtì mẹ́rin."